Ẹnì Kan Á Dúró Sílé

Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ọbẹ̀ àárọ̀ ọ̀la tẹ́ lẹ́nu mi. Mo mọ̀ yín, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in dáadáa báyìí, torí tó bá yá, ẹ ò ní rántí rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí wà láàyè. Chizuru ni orúkọ ẹ̀. A jọ ń di oúnjẹ sínú páálí ní ilé iṣẹ́ kan náà ní Kawagoe nílẹ̀ Japan ni, ẹnu ẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Kò sì sí agbára irọ́ pípa lára obìnrin yẹn. Ó ti rẹ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo bó ṣe rẹ̀ ẹ́ tó. Tí Chizuru bá wọ bọ́ọ̀sì, kí ilẹ̀kùn tó pa dé, ó ti sùn. Àwa tá a jọ ń wọkọ̀ máa ń sọ pé tí wọ́n bá gbé e dé etí òkun, kò ní mọ̀. Tó bá sọ̀ kalẹ̀, ilé tún ń dúró dè é. Ìyá ẹ̀ wà ńlé, orúnkún ń dun màmá. Àbúrò ẹ̀ ọkùnrin náà wà ńlé, Ryohei. Àmọ́ Ryohei kì í ṣe ẹni téèyàn ń rí.

Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú ni Ryohei ti wọ yàrá ẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó ti ilẹ̀kùn. Kò ṣàìsàn. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn ti ilẹ̀kùn ni. Kò sí àdúgbò lọ́dọ̀ wa tí kò ní irú ẹ̀, àwọn ará ilé kì í kàn sọ ọ́ síta. Tó bá fẹ́ wẹ̀, á dúró kí gbogbo ilé sùn. Tílẹ̀ bá ti ń ṣú, á fi gìgísẹ̀ kanlẹ̀. Gbì. Gbì. Màmá á gbé tíréè lọ síwájú ilẹ̀kùn: ìrẹsì, ọbẹ̀ ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní míso, ẹja, ọsàn kékeré kan. Á sọ̀ kalẹ̀. Tó bá tún gòkè, abọ́ á ti mọ́, igi ìjẹun méjèèjì á wà lórí ẹ̀, wọ́n á dọ́gba. Ọsàn náà á wà níbẹ̀, bíi pé wọn ò fọwọ́ kàn án. Tí Màmá bá gbé e báyìí, fúyẹ́. Èèpo lásán. Ryohei máa ń bó o bí òdòdó, á jẹ inú ẹ̀, á tún èèpo pa dé. Láti kékeré ló ti ń fi ìyẹn tan ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jẹ.

Ohun kan ṣoṣo ni Chizuru ń fẹ́: kí àbúrò òun jáde. Tí kò bá jáde, Màmá á darúgbó, òun náà á darúgbó, tíréè á ṣì máa gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kò bẹ̀rù ikú tó bó ṣe ń bẹ̀rù tíréè yẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó rí ìwé ìpolówó ọ̀fẹ́ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Síkì ni wọ́n ń polówó, pátákó gígùn méjì téèyàn ń so mọ́ ẹsẹ̀ láti yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí yìnyín. Wọ́n ní tẹni tí kò ṣe é rí ni, àti tẹni tí àpò ẹ̀ ò wúwo. Chizuru rántí pé bàbá wọn ti ṣèlérí yìnyín yẹn fún wọn nígbà kan, tí kò mú un ṣẹ. Ó gun òkè, ó ti ìwé náà gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ó ní kóun sinmi díẹ̀ níbẹ̀, ni oorun bá gbé e lọ.

Nígbà tó jí, ìwé náà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan ẹ̀. Wọ́n ti fi pẹ́ńsù sàmì sí i káàkiri.

Ẹ ò mọ Ryohei. Ahun ni. Ó ti fagi lé ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé bọ́ọ̀sì òwúrọ̀ náà á débẹ̀. Ó fagi lé ìparí ọ̀sẹ̀, torí àárín ọ̀sẹ̀ ni nǹkan máa ń dínwó. Ó fagi lé òtẹ́ẹ̀lì, ó mú ilé àlejò kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ òkè, níbi tí oúnjẹ alẹ́ ti wà nínú owó yàrá.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lójoojúmọ́ tí Chizuru bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó síwájú ilẹ̀kùn, wọ́n á máa gbìmọ̀ ìrìn àjò. Ọ̀rọ̀ tí Ryohei sọ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn pọ̀ ju èyí tó sọ láti ọdún mélòó kan. Ó ní kó má ra pátákó, kó má ra bàtà, ibẹ̀ làwọn á ti háyà wọn. Ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ nìkan ni kó rà, nítorí ìdọ̀tí ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Ó ní káwọn di ìrẹsì lọ́wọ́ láti ilé, torí pé oúnjẹ orí òkè, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń gba owó ẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gba tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo òkè o. Ibi àwọn akọ́ṣẹ́ ti tó wa."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò lè gun òkè?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sùn lórí ìdúró."

Chizuru rẹ́rìn-ín. Ó fi orí ti ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ mímí ẹ̀ lódìkejì, nítòsí gan-an.

"Àyè ẹni mélòó lẹ gbà?" Ryohei bi í.

"Méjì. Èmi àtìwọ."

Ó gbọ́ tí pẹ́ńsù ń ha ìwé lódìkejì.

"Kò burú," Ryohei ní. "Ẹnì kan á dúró sílé."

Chizuru rò pé ọ̀rọ̀ Màmá ló ń sọ. Ẹ̀yin náà rò bẹ́ẹ̀, àbí?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, ilẹ̀kùn ṣí. Chizuru wà lẹ́sẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó di àpò mú. Ryohei jáde. Ó ti rù, ó ti funfun bí ìrẹsì, irun ẹ̀ rí jágajàga, bí ẹni tó dá a gé fúnra ẹ̀. Àmọ́ ojú àbúrò ẹ̀ náà ni. Ó yíjú padà sí yàrá, ó wo inú ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá pa ilẹ̀kùn dé jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń jáde ní yàrá tí ẹnì kan ti ń sùn.

Chizuru sùn nínú bọ́ọ̀sì náà dópin. Nígbà tí Ryohei jí i, ayé ti funfun.

Hatsue ni orúkọ ìyá arúgbó tó ni ilé àlejò náà. Òun ló ń dáná, òun ló ń háyà bàtà, òun ló tún ń bú àlejò. Ó wo ẹsẹ̀ Chizuru, ó ní irú ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ báyìí kò nílò pátákó, kó kàn máa yọ̀ lọ. Nígbà tó kan Ryohei, ìyá náà wọn ẹsẹ̀ ẹ̀, ó gbé bàtà fún un, ó dì í. Ó tún wò ó lójú.

"Ọmọ yìí fúyẹ́," ó ní.

Lórí yìnyín, Chizuru ṣubú. Ó dìde, ó ṣubú. Àwọn ọmọ kéékèèké ń kọjá lára ẹ̀, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kó yà fún àwọn. Ryohei náà ṣubú nígbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó dorí pátákó méjèèjì kọra wọn bí wọ́n ṣe ń kọ́ akọ́ṣẹ́, ó tẹ orúnkún, ó sì lọ. Kò yára. Kò pariwo. Ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dúró nísàlẹ̀, tó na ọwọ́ sókè sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Chizuru jókòó sínú yìnyín, ó sunkún. Ó rò pé wàhálà ti parí. Ó rò pé òun lè sùn wàyí.

Nírọ̀lẹ́, yìnyín tún bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yìnyín, kò dà bí ìdákẹ́jẹ́ tilé yín. Ó ń gbé ohùn mì. Chizuru dúró lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àlejò, ó fi fóònù pe Màmá. Òórùn ọbẹ̀ ń bọ̀ láti ilé ìdáná. Ó sọ gbogbo ẹ̀ fún un: Ryohei jáde, ó rẹ́rìn-ín, ó bá àwọn ọmọdé sọ̀rọ̀.



"Màmá, ṣé ẹ gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́." Ohùn màmá rẹlẹ̀. "Chizuru, mo ṣe nǹkan òmùgọ̀ kan. Ilẹ̀ ń ṣú. Mi ò ronú. Mo gbé tíréè lọ sókè."

"Ó ti mọ́ yín lára ni."

"Ó ti mọ́ mi lára. Mo sọ̀ kalẹ̀ tán kí n tó rántí pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Mo tún gòkè lọ gbé e. Wọ́n ti jẹ ẹ́."

"Ológbò…"

"Ológbò wo? Igi ìjẹun wà lórí abọ́. Ọsàn wà níbẹ̀. Mo gbé e." Ó mí. "Ó fúyẹ́."

Chizuru yíjú. Ilẹ̀kùn yàrá oúnjẹ ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Ryohei jókòó lórí ẹní, ẹ̀yìn ẹ̀ ló kọ síta. Ìyá Hatsue ti gbé ọsàn fún un. Ó ń bó o. Ó rọra ń ṣí èèpo ẹ̀ bí òdòdó.

"Màmá," Chizuru sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ má ṣí ilẹ̀kùn yẹn."

"Kí ló dé tí mo fẹ́ ṣí i?" Màmá ní. "Ó ń kanlẹ̀. Ọbẹ̀ ló fẹ́ kí n fi kún un."

Nígbà tí Chizuru wọlé, Ryohei ti ọsàn náà sún mọ́ ọn. Ó ní òun fi í sílẹ̀ fún un. Ó ń wò ó pẹ̀lú ẹ̀rín bíi ti kékeré. Chizuru ò fọwọ́ kàn án.

Kí lẹ̀yin ò bá ṣe? Ẹ sọ òótọ́. Ṣé ẹ ò bá fi í sílẹ̀ lórí òkè ni? Ọdún tí obìnrin yìí fi bẹ̀bẹ̀ nídìí ilẹ̀kùn, kí ẹnì kan wá jáde tán, kó ní òun ò fẹ́? Ó mú un bọ̀ wálé. Kò sùn nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ yẹn. Ó ń wo ọwọ́ àbúrò ẹ̀, àpá iná tó wà lẹ́yìn ọwọ́ náà láti ìgbà ọmọdé, bó ṣe máa ń ti àtàǹpàkò sínú ìkúùkù. Òun ni. Kò sí ibì kan tí kì í ṣe òun.

Wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Màmá dúró, ó di ògiri mú. Ryohei kí i, ó ní òun ti dé. Lókè, ilẹ̀ dún. Gbì. Gbì.

Ryohei kọjá sílé ìdáná, ó bu ìrẹsì, ó bu ọbẹ̀, ó gbé ọsàn kan lé e. Ó gbé tíréè gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Wọ́n gbọ́ tó gbé e kalẹ̀. Wọ́n gbọ́ tó ń sọ nǹkan jẹ́jẹ́ sí ilẹ̀kùn, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Bí wọ́n ṣe ń gbé e nìyẹn. Ryohei rí iṣẹ́ sí ilé ìtajà kan. Ó ń sùn ní pálọ̀. Ó ń ra oògùn orúnkún fún Màmá. Kò ní kẹ́nikẹ́ni má ṣí yàrá òkè, kò sì sẹ́ni tó ṣí i. Chizuru tún ń lọ síbi iṣẹ́, ó tún ń sùn nínú bọ́ọ̀sì. Àárẹ̀ yẹn ò lọ. Kàkà kó lọ, ṣe ló ń jìn sí i. Ó sọ fún mi pé ọmọ ìyá òun jáde, tíréè ṣì ń gòkè, òun ò sì mọ ohun tó kù tí òun ń dúró dè.

Òtútù tún dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí Chizuru ń gòkè lọ gbé aṣọ, nǹkan dún wẹ́rẹ́ nílẹ̀. Ìwé ìpolówó kan ti abẹ́ ilẹ̀kùn yọ jáde. Síkì ni. Wọ́n ti fagi lé ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n ti fagi lé òtẹ́ẹ̀lì.

Kò lè bẹ̀rẹ̀ mú un. Ryohei ló wá láti ẹ̀yìn ẹ̀, tó mú un, tó kà á.

"Ẹni méjì ló sàmì sí," ó ní. "Èmi àtẹ̀yin."

"Òun ńkọ́?"

"Òun á dúró sílé. Àmọ́ ó ní ó ti sú òun láti máa dá dúró." Ryohei ká ìwé náà, ó fi í sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ohùn ẹ̀ tutù, kò sí ìkà nínú ẹ̀ rárá. "Ó ti rẹ̀ yín, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ wo ojú yín. Ẹ fi èyí tó ti rẹ̀ nínú yín sílẹ̀ fún un, kó lè sùn."

Chizuru fẹ́ pariwo. Kò rí agbára ẹ̀. Ó di ìwé náà mú, ó dúró. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, nínú yàrá yẹn, ó gbọ́ tí ẹnì kan ń fa nǹkan nílẹ̀, tó ń tẹ́ ẹ, tó ń fọwọ́ tún un ṣe kó lè dọ́gba. Ẹní ni. Ẹní kejì.

Ibi tó bá ọ̀rọ̀ dé fún mi nìyẹn. Ìsinmi ẹ̀ bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí nǹkan máa ń dínwó. Ẹ má bi mí bóyá ó lọ. Mi ò bi í.

Àmọ́ mo rí i nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀ yìí. Mo kí i, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ojú ẹ̀ mọ́ kedere. Títí tá a fi sọ̀ kalẹ̀, kò tòògbé.