Wọ́n Ti Ìka Bọ Ọkàn Wúràọlá

Orí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ni Gbénró jókòó sí lọ́jọ́ tí Wúràọlá kọ́kọ́ rí i. Ìta gbangba ni, ní àdúgbò Pákò, ní Igbó-Ọrà. Ọkùnrin náà ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ dé èjìká, ó we aṣọ dúdú kan mọ́ apá ara rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ kejì fún róbà kékeré kan. Òógùn bò ó. Èrò tó yí i ká á tó ogójì, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó fẹ́ sún mọ́ ọn.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, apá mi rèé o," ló ń wí. "Ẹ̀jẹ̀ kankan ò jáde. Ẹ̀rọ yìí kì í mu ẹ̀jẹ̀. Ṣe ló ń wọ̀n ọ́n."

"Irọ́ ni!" ni ìyá arúgbó kan ké láti ẹ̀yìn. "Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn! Wọn ó kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, kí wọ́n lè mọ iye tí wọn ó gbé lọ!"

Ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ ọdún 1991 ni. Àwọn olùwádìí ti wá láti Ìbàdàn, wọ́n fẹ́ mọ ohun tó fà á tí àgbàlagbà fi ń ṣubú lulẹ̀ lóko àti lọ́jà láìṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní àwọn á wọlé kiri, ojúlé dé ojúlé, àwọn á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru gbogbo àgbà. Àmọ́ àhesọ ti ṣáájú wọn wọ̀lú.

Wúràọlá gbé kámẹ́rà rẹ̀ sójú, ó tẹ̀ ẹ́.

Gbénró gbójú sókè. "Ta ló ya mí ní fọ́tò?"

"Èmi ni. Ojú yín dà bíi ti ẹni tó fẹ́ sunkún. Mo ní kí n bá àwọn ọmọ yín tọ́jú ẹ̀."

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ọmọ Mùkáílà àgbẹ̀ ni, òun nìkan ni obìnrin tó ń ya fọ́tò ládùúgbò náà, ìbejì ló sì ń bọ́ ọ: kò sí ọ̀sẹ̀ tí ìyá kan kì í gbé méjì wá, tí méjèèjì á máa ké níwájú kámẹ́rà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó lójú tí kì í yẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ó wá síwájú, ó na apá. "Ẹ wọn tèmi. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń mu ẹ̀jẹ̀ lóòótọ́, kí wọ́n ti ara ẹni tí ò bẹ̀rù bẹ̀rẹ̀."

Gbénró we aṣọ náà mọ́ ọn lápá, ó ki ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ ìlùkìkì ọkàn sí etí. Ó gbọ́ ọ, ó fajú ro. Ó tún un ṣe. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ sáré débí ni?"

"Rárá."

"Ọkàn yín ń lù ségesège. Ó ń fò, ó tún ń sáré."

"Mo mọ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kọ, ẹ má wulẹ̀ fi ojú òkú wò mí. Mi ò tíì kú." Ó yíjú sí èrò, ó ju apá sókè. "Ẹ wò ó! Ẹ̀jẹ̀ mi dà tí wọ́n mu? Ẹ tò, ó jàre!"

Wọ́n tò. Ìyá arúgbó yẹn ló ṣíwájú, ó ní òun fẹ́ mú olè lójú iṣẹ́.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Wúràọlá nígbà tí ọ̀nà ọ̀fun dùn ún, tí ibà tẹ̀ lé e, tí orúnkún àti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì wú. Làkúrègbé ni wọ́n pè é, wọ́n fi àgbo wẹ̀ ẹ́, ó sì lọ. Àmọ́ kò lọ lọ́wọ́ òfo. Ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn tó wà nínú ọkàn rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra, kò ṣí dáadáa mọ́. Láti ìgbà tí ilé ìwòsàn ti rí i ló ti ń gba abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì lóṣooṣù, kí ibà náà má baà padà wá ba èyí tó kù jẹ́. Bó bá gun òkè, èémí á há a. Bó bá fẹ́ sùn, ìrọ̀rí mẹ́ta ló ń tò sẹ́yìn. Nígbà tó sì pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, dókítà kan sọ fún bàbá rẹ̀ pé oyún lè pa á.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò gbélé. Nílùú tí wọ́n ti ń fi ìbejì kí ìyàwó káàbọ̀, ta ló fẹ́ obìnrin tí ò gbọdọ̀ bí ẹyọ kan? Ọkùnrin méjì ti wá, àwọn méjèèjì ti padà.

Lọ́sẹ̀ kejì, Gbénró wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní òun wá gba fọ́tò òun.

"Fíìmù ò tíì tán nínú kámẹ́rà," ni Wúràọlá wí.

"Màá padà wá."

Ó padà wá lọ́jọ́ kejì. Ó padà wá lọ́jọ́ kẹta. Nígbà tí fọ́tò náà jáde, ó ní òun fẹ́ òmíràn. Ọmọ Èrúwà ni, ó ti kẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ibẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí òjò ká wọn mọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó sọ ìdí tó fi bá àwọn olùwádìí náà ṣiṣẹ́.

"Orí ebè ni bàbá mi ṣubú sí, ó di ọdún mẹ́jọ báyìí. Ẹnu ẹ̀ wọ́, kò sì rí ìrọ̀lẹ́. Ìyá mi ní Dàda, àbúrò bàbá mi, ló ṣe é nítorí ilẹ̀. Ọgbà kan náà ni wọ́n ń gbé, ìyá mi ò sì tíì dá a lóhùn láti ìgbà náà. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tó pa bàbá mi ni."

Ọjọ́ yẹn ni Wúràọlá mọ̀ pé òun ti ń fẹ́ràn rẹ̀. Inú bí i sí ara rẹ̀. Ó gbé kámẹ́rà sílẹ̀.

"Gbénró, ṣé wọn ò sọ fún ọ ni? Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ bímọ."

"Wọ́n sọ fún mi."

"Ta ló sọ?"

"Ẹni mẹ́rin. Èyí tó ń ta búrẹ́dì níwájú yín tiẹ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Wúràọlá, ó gbé e mì. "O wá ń wá."

"Mo ń wá ni. Ìwọ ni mo ń wá bá, n ò wá bá ọmọ."

"Má fi àánú fẹ́ mi o. Àánú kì í dalẹ́."

"Ta ló lè ṣàánú ìwọ? Ẹnu ẹ nìkan tó ẹni méjì."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé Èrúwà, Àmínà, ìyá Gbénró, wọ bọ́ọ̀sì wá. Wúràọlá kúnlẹ̀ kí i, ó gbé àga fún un. Kò jókòó.

"Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí," ni Àmínà wí. "Bàbá ẹ̀ ti lọ. O fẹ́ kí ilé yẹn parẹ́? Bó o bá nífẹ̀ẹ́ ẹ̀, lé e."

Orí ìkúnlẹ̀ náà ni Wúràọlá ti dáhùn. "Màmá, ẹ̀yin lẹ bí i, mi ò bá yín du ìyẹn. Ẹ bá a sọ̀rọ̀. Bó bá ní òun ò wá mọ́, màá gbà. Àmọ́ èmi ò ní lé e. Wọ́n ti ń sìnkú mi láti kékeré, mà. N ò ní bá wọn gbẹ́lẹ̀ ẹ̀."

Àmínà wò ó títí. Ó fún aṣọ rẹ̀ mọ́ ìdí, ó sì jáde.

Ní àárín òjò ọdún 1992, Wúràọlá wúkọ́, ẹ̀jẹ̀ sì jáde sí ìnujú rẹ̀. Gbénró ò fi falẹ̀. Ó mú un lọ bá dókítà àwọn olùwádìí náà, ìyẹn sì kọ̀wé fún wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn, lọ́dọ̀ Dókítà Fákọ̀yà, oníṣẹ́ abẹ. Ọkùnrin kúkúrú tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò ni. Ó gbé fọ́tò àyà Wúràọlá sójú iná.

"Ilẹ̀kùn ọkàn rẹ ti há. Ẹ̀jẹ̀ ń padà sẹ́yìn sínú ẹ̀dọ̀fóró. Lókè òkun, wọ́n ti ń ti bàlúùnù tín-ínrín kan gba iṣan itan dénú ọkàn, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i, ilẹ̀kùn náà á ṣí láìla àyà rárá. Ó di nǹkan bí ọdún mẹ́wàá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi." Ó na ìka ìlábẹ̀ rẹ̀. "Èyí ni mo ní. Màá la ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ, màá ti ìka yìí bọnú ọkàn rẹ bó ṣe ń lù lọ́wọ́, màá sì ya ibi tó lẹ̀ pọ̀."

Gbénró di àga mú. Wúràọlá ò mira.

"Ẹni mélòó lẹ ti ṣe é fún, sà?"

"Mọ́kànlélógún."

"Mélòó ló kú?"

Dókítà náà wò ó lójú. "Méjì."

"Ẹ kọ orúkọ mi mọ́ àwọn mọ́kàndínlógún."

Bàbá rẹ̀, Mùkáílà, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó ń ti ọwọ́ bọ ọkàn ọmọ èèyàn bí ẹni ń wá ẹyin nínú ìtẹ́, òun ò ní tọwọ́ bọ̀wé kankan. Wúràọlá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bàbá, mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Èmi ni màá tọwọ́ bọ̀ ọ́. Àdúrà nìkan ni mo ń tọrọ." Bàbá náà sunkún, ó sì ṣàdúrà.

Gbénró ní kí àwọn so yìgì kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ náà. Wúràọlá mi orí. "Ojú ikú kọ́ ni mo ti fẹ́ jẹ́ ìyàwó ẹ. Bí mo bá yè, màá fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wá síbi yìgì. Bí mi ò bá yè, o ò jẹ mí ní nǹkan kan."

"Wúrà mi, o lágídí."

"Òun ló gbé mi débí."

Ilé ìwòsàn ní kí wọ́n wá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Gbénró ní òun á fún un. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́, ó dé Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà á gan-an, gèlè lọ́wọ́, ariwo lẹ́nu, ó dúró sáàárín ọmọ rẹ̀ àti nọ́ọ̀sì.

"Ẹ ò ní fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi! Bẹ́ ẹ bá gbọ́dọ̀ fa ẹ̀jẹ̀, ẹ fa tèmi! Èmi ti lo ayé!"

"Màmá, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ̀n yín," ni nọ́ọ̀sì wí. Ó wọ̀n ọ́n. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. "Màmá, ẹ ò lè fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yín ti ru dé igba ó lé ogún. Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má dìde."

Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n dá a dùbúlẹ̀. Wúràọlá gbọ́ ọ láti orí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. Ó dìde, ó ń fara ti ògiri, ó ń dúró mí, títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà. Ó jókòó.

"Kí ló ń ṣe mí?" ni Àmínà béèrè. Ohùn rẹ̀ ti fúyẹ́.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, mà. Ó ní oògùn. Ṣé orí máa ń fọ́ yín tẹ́ ẹ bá jí?"

"Ẹ̀yìn ọrùn."

"Ojú á máa ṣú?"

Àmínà fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. "Bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Bàbá Gbénró. 'Àmínà, bá mi tẹ ẹ̀yìn ọrùn mi.' Láràárọ̀. Màá tẹ̀ ẹ́. Ó tún lè ní òun ò ríran dáadáa, màá ní òòrùn ni." Ó di etí bẹ́ẹ̀dì mú. "Ṣé nǹkan yìí ló pa á?"

"Mi ò lè búra, mà. Ṣùgbọ́n ó jọ ọ́. Irú ẹ̀ ló pọ̀ nínú ìwé tí Gbénró ń kọ."

"Dàda ò ṣe nǹkan kan." Omijé ṣàn wọ ìrọ̀rí. "Ọdún mẹ́jọ. Ó máa ń kí mi, màá tutọ́ sílẹ̀."

Wúràọlá nu ojú rẹ̀ fún un. Kò tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Àmínà ló di ọwọ́ rẹ̀ mú, tó gbọ́ bí iṣan náà ṣe ń ta gìrì-gìrì ségesège lábẹ́ ìka òun.

"Ọkàn tó ń ṣe báyìí lo fi ń bá mi fà á?"

"Òun nìkan ni mo ní, mà."

Lọ́jọ́ kejì, Dókítà Fákọ̀yà la ẹ̀gbẹ́ òsì Wúràọlá, ó ti ìka bọ ọkàn rẹ̀, ó wá ibi tó lẹ̀, ó sì yà á. Ẹ̀jẹ̀ Gbénró wà nínú èyí tí wọ́n fà sí i lára. Mùkáílà jókòó síta pẹ̀lú tẹ̀sùbáà, kò jẹ, kò mu. Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó gbé e jáde.

Ọjọ́ kẹta ló tó lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Gbénró bá a lórí ìdùbúlẹ̀ gbalaja, òrùlé ló dojú kọ.

"Ṣé kí n bá ẹ gbé ìrọ̀rí sẹ́yìn?"

"Fi sílẹ̀." Ó fa èémí wọlé, ó rọra tú u jáde. Ọgbẹ́ rẹ̀ ń dùn ún, síbẹ̀ ó tún fà á. "Gbénró, ó ń dé ìsàlẹ̀."

Dókítà ní kí ó máa lo oògùn rẹ̀ lọ, kí ó má dá abẹ́rẹ́ oṣooṣù dúró. Nípa ti ọmọ, ó ní kí wọ́n dúró ọdún méjì ná, kí àwọn tún yẹ ọkàn náà wò. Ó lè ṣeé ṣe, ó sì lè má ṣeé ṣe.

"Ṣé ẹ gbọ́, Màmá?" ni Wúràọlá bi Àmínà.

"Mo gbọ́. Oògùn tèmi náà, wọ́n ní títí ayé ni. Jẹ́ ká jọ máa lò ó."

Oṣù kejì ọdún 1993 ni wọ́n so yìgì ní Igbó-Ọrà. Àmínà àti Dàda jọ wọ bọ́ọ̀sì kan náà wá láti Èrúwà. Ẹsẹ̀ ni Wúràọlá fi rìn láti ilé bàbá rẹ̀ dé mọ́ṣáláṣí, ó kọ ọ̀kadà, ó kọ̀ kí wọ́n di òun lápá mú.

Ààfáà Búrẹ́mọ̀ bi í bó bá gbà láti fẹ́ Gbénró. Àwọn obìnrin tó yí i ká ń fọwọ́ tọ́ ọ pé kó mi orí, ojú a máa ti ìyàwó. Wúràọlá gbé orí sókè.

"Mo gbà á. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi, kò sẹ́ni tó ṣàánú mi. Mo gbà á."

Ẹnu ya ààfáà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì yíjú sí ọkọ ìyàwó. Gbénró dáhùn wúyẹ́wúyẹ́.

"Sọ ọ́ sókè," ni Wúràọlá wí. "Àwọn tó wà níta ò gbọ́."

Gbénró nu ojú, ó sì sọ ọ́ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà lójú títì fi dáhùn pé, "Àmín!"