Wọ́n Ti Gbà Níbí

Ìbínú ló gbé mẹkáníìkì wọ ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ aránṣọ lọ́jọ́ tí òun àti akọ̀wé ibẹ̀ kọ́kọ́ pàdé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti pe ilé iṣẹ́ yìí láti wá iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló bá ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó pè é padà. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó mọ máṣíìnì ìránṣọ tún ṣe tó o ládùúgbò náà.

"Ẹ má bìínú, sà," ni akọ̀wé tó wà nídìí fóònù wí. "Ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́ ohun tí ẹ sọ."

Ó tẹ bọ́tìnnì. Ohùn mẹkáníìkì jáde: "Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú òtútù àárọ̀ yìí. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọ̀gá ńkọ́? Ẹ bá mi kí gbogbo wọn o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta…" Bí ìṣẹ́jú kan ṣe pé, ẹ̀rọ gé e lẹ́nu. Kò dárúkọ, kò sọ nọ́ńbà, kò sọ ohun tó fẹ́.

"Ẹ̀rọ lẹ ń kí láti ọjọ́ yìí," ni akọ̀wé wí, "kò sì lè dá yín lóhùn pé dáadáa ni."

Ẹ̀rín pa mẹkáníìkì. Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín ló ti dá ohùn náà mọ̀. Ohùn yìí ló máa ń bá a sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ pé kó fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ká má tan ara wa jẹ, ìpè kẹta yẹn, nítorí ohùn ni. Ló bá sọ obìnrin náà ní Olóhùn Iyọ̀. Obìnrin náà ní òun náà á máa pè é ní Ẹ-kú-gbogbo.

Láti ọjọ́ náà, tó bá di àkókò ìsinmi ọ̀sán, Ẹ-kú-gbogbo á ti yọjú, á ní òun wá kẹ́kọ̀ọ́.

"Orúkọ yín lákọ̀ọ́kọ́," ni Olóhùn Iyọ̀ máa ń sọ. "Nọ́ńbà yín, ẹ pè é díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tún un pè. Ohun tí ẹ fẹ́, gbólóhùn kan péré. Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ àṣírí sínú ẹ̀rọ, ẹ ò mọ ẹni tó máa gbọ́ ọ. Tí ẹ bá sì ti sọ ọ́ tán, ẹ má pè mọ́. Ẹ dúró."

"Ká má kí èèyàn rárá? Ìyá mi á ní mo ya aláìlẹ́kọ̀ọ́."

"Ìyá yín ò sí nínú ẹ̀rọ."

Kí oṣù mẹ́fà tó pé, "ẹ" ti di "ìwọ", ìfẹ́ sì ti wọ̀ wọ́n lára. Opó ni Olóhùn Iyọ̀, ó ní ọmọbìnrin ọlọ́dún márùn-ún. Ọmọ náà kì í fẹ́ kí mẹkáníìkì lọ sílé. Mẹkáníìkì alára kì í fẹ́ lọ.

Ìyá mẹkáníìkì gbọ́, ilé gbóná.

"Opó! Ọlọ́mọ! Àwọn ọmọge tó kún ìta, ojú rẹ ò rí wọn ni? Tí o bá fẹ́ ẹ, o ò ní rí mi níbẹ̀."

Nígbà tí Olóhùn Iyọ̀ gbọ́, kò bú ẹnikẹ́ni. "Ìyá ọkọ mi àkọ́kọ́ bá mi jà títí ọkọ fi kú mọ́ mi lọ́wọ́," ló wí. "Olówó orí mi, mi ò lágbára ìjà kejì." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó wà nílùú òkèèrè ní ọ̀rẹ́ kan tó fẹ́ gbé e níyàwó, kó sì tọ́ ọmọ náà; ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni ẹ̀gbọ́n náà ń bọ̀ wá kó wọn. "Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ni iṣẹ́ mi máa parí níbí. Tí màmá bá gbà, pè mí kí n tó tilẹ̀kùn, mi ò ní tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ. Tí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan, mo ti gbọ́ ìdáhùn nìyẹn. Àmọ́ má wá o. Tí mo bá rí ojú rẹ, ẹkún ni mo máa sun lójú gbogbo ayé."

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mẹkáníìkì fi bẹ ìyá rẹ̀. Kò jẹun dáadáa, kò tú lẹ́tà tó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wò, ó ń rù. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni ìyá tó mí kanlẹ̀: "Ó dáa. Mú un wá, òun àti ọmọ rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ọmọ tí mo bí máa wò mí bí ọ̀tá."

Eré burúkú ló bá dé ìdí fóònù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ayé ìgbà yẹn, fóònù àpò ò tíì dé. Ẹ̀rọ ló gbé e, ohùn olólùfẹ́ rẹ̀ ní kó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó rántí gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó dárúkọ ara rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀, ó pe nọ́ńbà díẹ̀díẹ̀, ó tún un pè. "Ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ, wọ́n ti gbà níbí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè mí kí ẹ tó tilẹ̀kùn." Kò kí ẹnikẹ́ni. Inú rẹ̀ dùn sí ara rẹ̀.

Ó jókòó ti fóònù. Aago mẹ́ta lù, aago mẹ́rin lù. Ó nawọ́ láti tún pè, ó fà á padà. Ṣebí wọ́n ní kó dúró. Nígbà tí aago mẹ́fà lù, ó mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ti tì.

"Ó ti yan ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀," ló sọ fún ìyá rẹ̀, ó sì yíjú sí ògiri. Ìyá rẹ̀ ní kó sáré lọ bá a nílé. Ó ní òun ò ní lọ fi ara òun wọ́lẹ̀. Họ́wù! Ọkùnrin yìí náà ṣe mí láàánú, ó sì bí mi nínú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mánéjà ilé iṣẹ́ aránṣọ ránṣẹ́ pè é.

"Máṣíìnì ogójì ń retí yín láti ọjọ́ yìí. Ìgbà wo lẹ máa bẹ̀rẹ̀?"

"Iṣẹ́ wo nìyẹn, sà?"

"Iṣẹ́ àtúnṣe máṣíìnì tí a kọ lẹ́tà sí ṣọ́ọ̀bù yín nípa rẹ̀, ká mọ̀ bóyá ẹ gbà. Ṣebí ẹ ní wọ́n ti gbà níbí? Akọ̀wé lọ dá kọ́kọ́rọ́ padà ní sítọ́ọ̀ lọ́jọ́ náà, èmi ni mo gbọ́ ọ lórí ẹ̀rọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo pa ohùn náà rẹ́, bí a ṣe máa ń ṣe. Ẹ ní ká pè yín, ọwọ́ mi dí, mo ní kò le tó bẹ́ẹ̀."

Mẹkáníìkì sáré lọ sídìí fóònù. Ó bẹ akọ̀wé tuntun, ìyẹn wá nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n Olóhùn Iyọ̀ fún un. Orí tábìlì tí Olóhùn Iyọ̀ ti máa ń kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ló ti pè.

"Hẹ̀lóò?"

"Èmi ni."

Olóhùn Iyọ̀ dá ohùn rẹ̀ mọ̀. "Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá ni mo ṣègbéyàwó. Mo wá kó ẹrù tó kù níbí ni."

Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, látòkèdélẹ̀.

"Sọ ọ́ bí o ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà," ni Olóhùn Iyọ̀ wí.

Ó sọ ọ́. Orúkọ àti iṣẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà lẹ́ẹ̀mejì, gbólóhùn kan.

"O sọ ọ́ dáadáa," ni Olóhùn Iyọ̀ wí, ẹkún sì gba ohùn náà. "Bí mo ṣe kọ́ ẹ gẹ́lẹ́ ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni mo fi kúrò nídìí fóònù."

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ó yẹ kí n sọ ìyẹn."

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Olólùfẹ́ mi, má pe ibí yìí mọ́. Ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀."

"Mi ò ní pè mọ́."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Mánéjà yọ orí lẹ́nu ọ̀nà, ó ní máṣíìnì wo ló fẹ́ kọ́kọ́ wò. Mẹkáníìkì nu ojú rẹ̀, ó ní èyí tí wọ́n bá ti fẹ́.