Ọkùnrin Òṣùpá Tó Ń Tiro

Ọjọ́ tí ọkùnrin òṣùpá rìn tààrà ni Aláàgo mọ̀ pé olè ti wọlé òun.

Ọjọ́rú ni, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Ó gbé e kúrò lórí pẹpẹ tí rọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlá rẹ̀ wà, pẹ̀lú àwo mẹ́ta tí wọ́n ya ìràwọ̀ sí. Ó yí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, ó sì gbé e lé orí tábìlì. Ohun ìṣeré páànù lásán ni ọkùnrin òṣùpá, kò ga ju igo omi lọ, ó dé akoto, ó gbé àpò afẹ́fẹ́ sẹ́yìn. Láti ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti ń tiro. Bí wọ́n bá yí i, òsì ló máa ń yà sí, tí yóò máa pòòyì bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó já bọ́. Lọ́jọ́ yìí, ó rìn ganran-ganran bí ọmọ ogun, ó dé etí tábìlì, ó sì já bọ́ sílẹ̀.

Aláàgo kò gbé e. Ó dúró, ó ń wò ó bó ti ń ju ẹsẹ̀ nílẹ̀.

"Ìwọ ta ni?" ló bi í.

Bàbá Aláàgo, tó jẹ́ alásè nínú ọkọ̀ ojú omi, ló mú ọkùnrin òṣùpá wálé. Nígbà tó ń kú lọ, ó ní kí àwọn ọmọ òun méjèèjì máa gbé e fún ara wọn, ọdún kan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, ọdún kan lọ́dọ̀ àbúrò. Sátidé tó ń bọ̀ ló kan Àbúrò, aránṣọ ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ti sọ létí gbogbo ẹbí pé lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n òun á fi ogún bàbá wọn pààrọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì. Aláàgo kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Kì í gbàgbé ọ̀rọ̀ kankan. Bó bá gbé ayédèrú fún un, wọ́n á máa pè é ní olè títí wọ́n á fi sin ín.

Lọ́dún yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló fọwọ́ kan nǹkan náà yàtọ̀ sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ọkùnrin náà pe ara rẹ̀. Ó ní òun ń kọ ìwé nípa ohun ìṣeré tó jẹ mọ́ òṣùpá àti ìràwọ̀. Ìbọ̀wọ́ funfun ló wọ̀, ó ń rùn bíi káńfọ̀, ó sì ń pe Aláàgo ní "ọ̀gá àwọn ọ̀gá". Nígbà àkọ́kọ́, ó ya gbogbo orí pẹpẹ ní fọ́tò. Nígbà kejì, ó tọrọ omi gbígbóná tí òun á fi lo oògùn. Kí Aláàgo tó ti ilé ìdáná dé, ó ti ń fi aṣọ nu ọkùnrin òṣùpá.

"Ọ̀gá, ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ láé," ló wí. "Sípíríǹgì rẹ̀ ti gbó. Ẹ kàn máa wò ó."

Lóòótọ́, àwọn tó ń kó ohun ìṣeré àtijọ́ jọ kì í yí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ fún Aláàgo pé kó má ṣe nǹkan, ó ti rán an níṣẹ́ nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi gbìyànjú láti gbọ́ràn. Ọjọ́ kẹwàá ló yí i.

Ohun kan ni Ọ̀jọ̀gbọ́n kò rò. Aago ọwọ́ rẹ̀ ti kú lọ́jọ́ tó wá lẹ́ẹ̀kejì, Aláàgo sì bá a pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí orúkọ ọ̀gá tó fi ń pè é. Nígbà tó ṣí ẹ̀yìn aago, ó rí àmì tí ẹni tó tún un ṣe kẹ́yìn ha síbẹ̀, bí àwọn aláàgo ti máa ń ṣe: ìràwọ̀ kan, ìlà méjì. Àmì Awòlójú ni, aláàgo tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ogún ọdún ni àwọn méjèèjì kò ti kí ara wọn, nítorí ẹ̀mú kékeré kan tí Awòlójú yá tí kò dá padà.

Aláàgo gbé ìbínú rẹ̀ mì, ó lọ.

"Ta ni mo rí yìí?" Awòlójú ní, kò tilẹ̀ yọ awò kúrò lójú. "Ṣé o wá tọrọ àforíjì ni?"

"Ẹ̀mú mi ńkọ́?"

"Ẹ̀mú wo?"

"Fi ìyẹn sílẹ̀. Ọkùnrin kan, ìbọ̀wọ́ funfun, òórùn káńfọ̀. Ìwọ lo tún aago rẹ̀ ṣe."

"Kí ló fi ṣe ọ́?"

"Ó jí ọkùnrin òṣùpá mi, ó fi òmíràn dípò."

Awòlójú rẹ́rìn-ín títí awò fi bọ́ lójú rẹ̀. "Lójú ìwọ tó o máa ń rí eruku nínú aago ẹlòmíràn? Ó ní òun á ní tábìlì níbi ìpàtẹ ohun ìṣeré ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Sátidé. N ó wá o. N ò ní jẹ́ kí ìran yìí ṣẹ̀yìn mi."

Aláàgo gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Obìnrin ni Sájẹ́ǹtì tó bá lórí àga, ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

"Baba, ẹ ní wọ́n jí bèbí yín?"

"Kì í ṣe bèbí. Ọkùnrin òṣùpá ni."

"Ṣebí ẹ ní ó wà nílé."

"Èyí tó wà nílé kì í tiro."

Sájẹ́ǹtì gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ fẹ́ kí n lọ mú ẹni tó wo ẹsẹ̀ bèbí yín sàn?"

Ní ọ̀sán Ẹtì, Aláàgo fojú ara rẹ̀ rí Ọ̀jọ̀gbọ́n níbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Ó sáré sí i. Bàtà rẹ̀ kan bọ́ sójú títì, kò wẹ̀yìn. Ó ku ìwọ̀n apá kan kó dì í mú ni ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì pa dé. Láti ojú fèrèsé, ìbọ̀wọ́ funfun kan juwọ́ sí i, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ìyàwó ń dágbére.

Ní àárọ̀ Sátidé, Àbúrò ti dé kí agogo mẹ́sàn-án tó lù.

"Bùọ̀dá mi, ẹ káàárọ̀. Ọkùnrin òṣùpá dà?"

Ó sọ fún un.

"Mo wí bẹ́ẹ̀," Àbúrò ní. "Ẹ ti tà á."

"Wọ bàtà rẹ."

"Bàtà wà lẹ́sẹ̀ mi."

"Ó dáa. Tẹ̀lé mi."

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Sájẹ́ǹtì wà níbẹ̀ nínú aṣọ ilé. Ó ní ọjọ́ ìsinmi òun ni, ẹsẹ̀ bèbí náà ni kò jẹ́ kí òun sùn. Lórí tábìlì Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọkùnrin òṣùpá dúró sínú ilé gíláàsì bí ọba, oníbàárà kan sì ti ń ná an.

"Yí i," Aláàgo ní.

"Baba, a kì í yí irú èyí," Ọ̀jọ̀gbọ́n dáhùn. "Ta lẹ jẹ́ ná?"

"O mu omi gbígbóná nílé mi."

"Èèyàn máa ń jọra."

Sájẹ́ǹtì fi káàdì iṣẹ́ rẹ̀ hàn, ó gbé e jáde nínú gíláàsì, ó yí i. Ọkùnrin òṣùpá tiro, ó yà sí òsì, ó pòòyì lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Gbogbo irú rẹ̀ ló ń tiro," Ọ̀jọ̀gbọ́n yára sọ. "Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Bàbá mi ló fi í sílẹ̀ fún mi. Ẹnikẹ́ni kò ṣí i rí."

"Ẹnikẹ́ni?" Sájẹ́ǹtì bi í.

"Mo lè búra."

Aláàgo gba ìwé lọ́wọ́ Sájẹ́ǹtì, ó kọ nǹkan sí i, ó ká a, ó dá a padà. "Ohun tó wà nínú àyà rẹ̀ nìyẹn. Agolo sàdíìnì ni mo fi ṣe ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ìrù ẹja ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣí i."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní bí wọ́n bá ṣí i, ó bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn tó yí wọn ká ń mi orí, wọ́n gbà pé òótọ́ ni. Àfi Àbúrò tó fi ìgbọ̀nwọ́ la àárín wọn kọjá.

"Ẹ ṣí i. Bí ẹ kò bá ṣí i, èmi á fi eyín ṣí i. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí gbogbo ayé gbọ́."

Aláàgo wò ó. "Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú ṣáká."

Aláàgo tọwọ́ bàpò, kò rí ohun èlò kankan. Ẹnì kan na ẹ̀mú kékeré sí i láti ẹ̀yìn. Awòlójú ni. "Lò ó, kó o dá a padà," ló ní.

Ẹ̀mú náà gan-an ni.

Aláàgo na ìkọ́ páànù ọ̀kọ̀ọ̀kan títí àyà fi ṣí. Lára ẹsẹ̀ òsì, ìrù ẹja pupa yọ. Nínú páànù àyà, wọ́n ti fi ìṣó ha ọ̀rọ̀ kan, ìkọ̀wé ọmọdé tó wọ́. Àbúrò já a gbà, ó wọ awò tó fi ń ránṣọ, ó sì gbóhùn sókè kí ará ẹ̀yìn lè gbọ́:

"'Àbúrò ló jókòó lé e. Kì í ṣe ológbò. N kò ní...'"

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìyókù. Sájẹ́ǹtì tú ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó bá a parí rẹ̀: "'N kò ní gbàgbé.'"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀rín náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n gbà wọ abẹ́ tábìlì, ó yọ lódìkejì, ó kọrí sí ẹnu ọ̀nà. Awòlójú na ẹsẹ̀ kan péré. Ọ̀jọ̀gbọ́n balẹ̀ gbì, Sájẹ́ǹtì sì jókòó lé e lẹ́yìn kí ọkọ̀ ọlọ́pàá tó dé.

"Ilé mélòó lo ti ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ilé méjì."

Sájẹ́ǹtì tún ìjókòó ṣe.

"Méje! Méje ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Fọ́tò ni mo kọ́kọ́ máa ń yà, kí n lè wá irú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ tí mo háyà fi kó ẹrù wá."

Òótọ́ ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn olóhun ti ń wọ́ wá sí àgọ́ ọlọ́pàá. Awakọ̀ ojú irin kan tó ti fẹ̀yìn tì gbá rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ra, kò sì gbé e sílẹ̀ títí ó fi délé.

Àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ dúró níta.

"Bùọ̀dá mi. Ológbò yẹn kò mọ nǹkan kan."

"Mo mọ̀."

"Bàbá torí mi fi í tọrẹ."

"Mo mọ̀. A kì í torí pé a bá ni tan ká fani nítan ya. Ìwọ fa ti ọkùnrin òṣùpá ya."

Àbúrò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kún fún omi. "Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mo fi gbé irọ́ yìí. Ẹ dárí jì mí."

Ọ̀rọ̀ tí Aláàgo ti ń retí láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún méjìlá nìyẹn. Ó ti to èsì rẹ̀ jọ bí ó ti to rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí pẹpẹ.

"Ẹ̀mú mi ńkọ́?" Awòlójú kígbe láti òdìkejì títì.

"Ẹ̀mú wo?" Aláàgo dáhùn.

"Ṣé ẹ máa ha ọ̀rọ̀ yẹn kúrò nínú rẹ̀?" Àbúrò bi í.

"Rárá."

Ó tẹ ìkọ́ páànù padà, ó fi aṣọ nu akoto orí rẹ̀, ó sì gbé ọkùnrin òṣùpá lé e lọ́wọ́.

"Gbà. Ọdún tìrẹ nìyí. Má jókòó lé e."