Ọmọ Tí Wọ́n Sọ ní Høgni

Wọ́n ti yí òkú náà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí Marjun, ọlọ́pàá erékùṣù náà, tó gun òkè dé ìdí òpó irin. Òjò ń rọ̀ sí i lójú. Hanus ni, ẹni tó ti ń tọ́jú ẹ̀rọ tí ń gba ọ̀rọ̀ láti ojú sánmà fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú sánmà Ìrètí ti gbéra.

Dókítà ní ó já bọ́ láti orí òpó ni, pé atẹ́gùn àná kì í ṣe ẹgbẹ́ ènìyàn.

Marjun kúnlẹ̀. Ọgbẹ́ kan ṣoṣo ló wà, ní ìpàkọ́. Ó ti ọwọ́ bọ àpò òkú, ó fa ìbọ̀wọ́ méjì jáde. Wọ́n gbẹ.

“Ta ló ń gun irin láìwọ ìbọ̀wọ́ ní erékùṣù yìí, nínú oṣù kejì?” ó bi dókítà.



Nínú ilé ẹ̀rọ, àpótí tí ń tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá wọlé ti kúrò. Eruku fi ibi tó ti jókòó hàn. Wọn ò já ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló sì wà: ọ̀kan wà lọ́rùn òkú, ìkejì wà lọ́wọ́ Tummas, òǹkàwé ìjọ.

Abúlé náà kò ju ọgbọ̀n ilé lọ, mọ́kànlá nínú ọmọ wọn ló sì bá Ìrètí lọ wá ayé mìíràn. Eydun wà nínú wọn, ọmọ kan ṣoṣo tí Marjun bí. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni àlùfáà ń wá. Ní àwọn ọjọ́ Àìkú yòókù, Tummas ni ó ń ka ìwàásù láti inú ìwé, lẹ́yìn náà yóò ka ìwé tó ti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ dé.

Oṣù tó kọjá, ó ka èyí: ìyàwó Eydun bí ọkùnrin, “a sọ ọ́ ní Høgni, kí orúkọ bàbá wa tó ti sùn má baà parun.” Høgni ni ọkọ Marjun. Òkun ló pa á ní ọdún méjì sẹ́yìn. Lọ́jọ́ náà àwọn obìnrin dì mọ́ ọn ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní bàbá ti padà sílé. Marjun gba ìwé náà, ó fi í sápò àyà. Ó ra òwú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun ẹ̀wù kékeré kan tí kò lè dé ọwọ́ ẹni tó ni ín láéláé. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń hun ún.

Bárdur, tó ń sin àgùntàn, ló kọ́kọ́ lọ bá, nítorí òun àti Hanus kì í rẹ́. Ó bá a nínú ahéré ẹran gbígbẹ, níbi tó ti ń gé itan àgùntàn.

“Ìyá Eydun, ṣé èmi lẹ wá mú?”

“O halẹ̀ mọ́ ọn níwájú gbogbo èèyàn.”

“Ajá rẹ̀ ni mo halẹ̀ mọ́. Ó jẹ àgùntàn mi mẹ́ta. Ọdún méjìlá la fi bára wa jà. Bí mo bá pa á, ta ni kí n máa bá jà nínú òtútù yìí? Ahọ́n àti eyín ń jà, wọn kì í kó kúrò lẹ́nu.” Ó nu ọ̀bẹ. “Orí rẹ̀ ò pé mọ́ lọ́sẹ̀ yìí ná. Ó ní lọ́jọ́ Àìkú, òun lòun máa dìde kàwé fún ìjọ. Hanus, tó jẹ́ pé bó bá ń sọ̀rọ̀, ṣe ló dà bíi pé ó ń jẹ ẹja gbígbóná.”

Marjun kò rẹ́rìn-ín. Ó padà sílé, ó jókòó.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló lọ bá Hanus, kó bá òun fi ìbéèrè ránṣẹ́: irú ojú wo ni ọmọ náà ní? Hanus kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kàn ń wò ó. Ó ní, “Ọdún mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ ń lò lójú ọ̀nà, Marjun. Mẹ́ta ní àlọ, mẹ́ta ní àbọ̀. Bá mi ka ọdún náà.” Marjun rò pé ọjọ́ orí òun ló fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Nísinsìnyí ó kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó gbé abẹ́rẹ́ ìhunṣọ sílẹ̀, ó gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Ọ̀sán Sátidé ni. Tummas ń to nọ́ńbà orin sára pátákó.

“Káàbọ̀, Ìyá Eydun. Inú rẹ á dùn lọ́la. Ọmọ náà ti ń rẹ́rìn-ín.”

“Ta ló sọ fún wọn pé Høgni kú, bàbá?”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. “Hanus ló ránṣẹ́ sí wọn.”

“Ọdún méjì ni ọkọ mi ti kú. Ìròyìn ikú rẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà. Ó ku ọdún kan kó tó kan ọkọ̀. Èsì rẹ̀, ọdún mẹ́ta mìíràn. Síbẹ̀ ẹ ti kà á fún wa pé wọ́n fi orúkọ olóògbé sọmọ. Ẹni tó kọ ìwé yẹn bá wa gbé òkú Høgni ni. Ará ibí nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Bí àgbà bá kú nílé, a kì í wá orúkọ mìíràn fún ọmọ. Ọwọ́ yín kàn kọ ọ́ ni, ẹ ò tiẹ̀ rò ó.”

Tummas gbé nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Hanus fẹ́ sọ fún ìjọ lọ́la. Kò gun òpó kankan. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ wà lápò. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́rùn rẹ̀. Ìkejì ńkọ́?”

Ọkùnrin arúgbó náà jókòó sórí àga iwájú. Ó ní ọdún mẹ́fà ni ọkọ̀ náà ti dákẹ́. Ó ní nígbà náà, ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì ti ń ṣófo, òun sì ti wàásù òtítọ́ títí ohùn òun fi há. Ìwé kan péré lòun kọ́kọ́ kọ, kí àwọn èèyàn lè rí ohun tí wọ́n máa gbàgbọ́. Wọ́n padà wá. Wọ́n ń kọrin.

“Òtítọ́ dé ọjà ó kùtà,” ó wí, “owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Hanus mọ̀, ó pa ẹnu mọ́. Àfi ìgbà tó rí ọ tó o ń hun ẹ̀wù. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ ọ́. Ó kẹ̀yìn sí mi.”

“Àpótí náà dà?”

“Ó wà lábẹ́ pẹpẹ. Òun náà ni mo fi lù ú.” Ó gbójú sókè. “Marjun, kò sẹ́ni tó rí òkú wọn. Wọ́n dákẹ́ ni. Bí o bá mú mi, ìwọ lo sin ọmọ rẹ. Bí o bá jókòó sáyè rẹ lọ́la, Høgni kékeré ti ń rẹ́rìn-ín.”

Marjun yọ ìwé kékeré tó fi ń gba ẹ̀rí.

“Èyí tó wá gbẹ̀yìn, tó jẹ́ òótọ́. Kí ló wà níbẹ̀?”

“Eydun ló kọ ọ́. Ó ní ẹ̀rọ omi ń jò, àwọn ń tún un ṣe. Ó ní kí ìyá òun má dààmú.”

Marjun kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ó ti ń kọ ti gbogbo ẹlẹ́rìí.

“Ẹ wọ ẹ̀wù yín, bàbá,” ó wí. “Òtútù wà níta.”

Ní ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló dìde níwájú ìjọ, ó sọ ohun tó wà nínú àpótí. Ìyá kan tí ọmọbìnrin rẹ̀ bá ọkọ̀ lọ bi í bóyá kò lè dúró di ẹ̀yìn ọdún Àjíǹde. Òmíràn tutọ́ síwájú bàtà rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ènìyàn mẹ́rin ló wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Marjun wà nínú wọn.