Àga Kejì Agogo

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ọdún méje lẹ́yìn tí wọ́n sin àbúrò rẹ̀, ni Agogo kọ́kọ́ gbọ́ bàtà náà lórí àtẹ̀gùn pápá ìṣeré. Kò, kò, kì. Aránbàtà ni Agogo, kì í ṣi ìró bàtà gbọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kan ìṣó mẹ́ta sí gìgísẹ̀ yẹn kí wọ́n tó wọ bàtà náà fún òkú.

Ta ni kò mọ Agogo? Bó bá kígbe níhìn-ín, ẹni tó wà ní òdìkejì pápá á yíjú. Lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù, láti orí ibùsùn ni yóò ti pa ẹnu dé, àfi bí fèrè ìbẹ̀rẹ̀ eré bá dún. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó gbàgbé, tó kí aládùúgbò rẹ̀ káàárọ̀, góòlù márùn-ún ni wọ́n fi na ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ló máa ń rà. Á fi fìlà àbúrò rẹ̀ sórí àga kejì. Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀ tí ẹnìkan fẹ́ jókòó síbẹ̀, á ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ni ín ń bọ̀.”

Ìyàwó rẹ̀ ti kìlọ̀ títí. “Bàbá ilé, ohun tí èèyàn bá ń pè ló ń jẹ́ni o. Ẹ sọ pé ó ti lọ.”

“Ẹnu tèmi kọ́ ni wọn ó ti gbọ́ ọ,” ni Agogo dáhùn.

Sátidé yìí, ife ni ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ gbà. Awakọ̀ kan tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. “Agogo, ẹni yín yìí mà pẹ́ o! Ṣé ìdí ló fi ń wọ́ bọ̀ ni?”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Agogo kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ ni. Ìgbà náà ni bàtà náà dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó dúró. Fìlà rọra ṣí kúrò lójú kan. Àga dún bí ẹni pé wọ́n jókòó lé e.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfojúsọ́nà.” Wúyẹ́wúyẹ́ lásán ni. “Ẹ ti ń pè mí tipẹ́, n kò ní ohùn tí mo lè fi jẹ́ yín. Ẹ yá mi ní tiyín. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ kàn sọ pé rárá.”

Rárá ti dé orí ahọ́n Agogo. Ṣùgbọ́n fèrè kò tíì dún. Bó bá sọ̀rọ̀, ife lọ nìyẹn. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

“Ẹni tó dákẹ́ ti gbà,” ni wúyẹ́wúyẹ́ náà wí.

Fèrè dún. Agogo la ẹnu, afẹ́fẹ́ ló jáde. Igbe rẹ̀ gan-an ta láti orí àga kejì.

“Agogo mi!” ni awakọ̀ pariwo. “Ohùn yín dùn lónìí o!”

Nígbà tí Agogo máa wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, fìlà ti lọ.

Ó sá délé, ó gba ẹ̀yìn wọlé. Bó ti ń wá ṣọ́ọ̀kì tí yóò fi kọ ọ̀rọ̀ náà han ìyàwó rẹ̀, ohùn kan dún lẹ́nu ọ̀nà iwájú.

“Ìyá ilé, ṣílẹ̀kùn. Èmi ni.”

“Mò ń bọ̀ o!” ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn láti ilé ìdáná.

Agogo kígbe títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. Kò dún. Ó gbá ògiri, ó sáré. Ìlẹ̀kùn ti ṣí gbayawu nígbà tó débẹ̀. Kò, kò, kì, ló ń gbọ́ lọ ní títì, pẹ̀lú ìró sílípáàsì obìnrin.

Góòlù méjì sí òdo ni wọ́n fi gba ife. Ohun tó sọnù kò ju mẹ́ta lọ: fìlà kan, ohùn kan, ìyàwó kan.