Ọṣẹ Lábẹ́ Sítóòfù

"Fi ọṣẹ yẹn dí i dáadáa," ni Daddy wí. "Kí ẹnikẹ́ni má rí i."

Ọpẹ́ dojú sítóòfù náà délẹ̀. Ìdí táǹkì rẹ̀ ti là, kẹrosíìnì sì ń jò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó fi ọṣẹ ìfọṣọ ha ojú ibẹ̀ títí ọṣẹ fi wọnú ibi tó là náà. Jíjò dáwọ́ dúró. Ọ̀pọ̀ ará Ìkòsí ló mọ ọgbọ́n yìí: kẹrosíìnì kì í yọ́ ọṣẹ bí omi ṣe ń yọ́ ọ. Ooru ni ọṣẹ kì í lè fara dà.

"Daddy, tí wọ́n bá tàn án ńkọ́?"

"Kó tó gbóná, àá ti kúrò nílé ọmọ aláìlóbìí náà. Àbí ìwọ náà ò fẹ́ ṣe wáẹ́ẹ̀kì ni?"

Ọpẹ́ nu ọṣẹ kúrò lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ni Daddy ní ní Kétu, tí wọ́n ti ń ta abọ́ àti ìkòkò. Akáǹtáǹtì rẹ̀ ló sọ fún un pé bí ilé iṣẹ́ bá ta ilé ọmọ aláìlóbìí tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́rẹ, wọ́n lè yọ iye ọrẹ náà kúrò nínú èrè kí wọ́n tó ṣírò owó orí. Ṣùgbọ́n iye tí àlòkù tó lónìí ni wọ́n ń kọ, kì í ṣe iye tí wọ́n rà á ní tuntun. Èyí tó bá ti bàjẹ́, òfo ni. Ìdí nìyí tí Daddy fi fẹ́ kí rìsíìtì sọ pé gbogbo àlòkù ẹrù tí wọ́n fẹ́ kó lọ síbẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ó ní owó orí tó bá dín kù lòun máa fi san owó ìdánwò Ọpẹ́.

Ní Alápẹ̀rẹ̀, Mummy Adédiwúrà tó ń tọ́jú àwọn ọmọ aláìlóbìí náà gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n to àga, fáànù, ìkòkò àti sítóòfù sí àgbàlá.

"Ẹ kọ rìsíìtì fún wa, ma," ni Daddy wí. "A fẹ́ máa lọ."

"Ẹ jẹ́ ká gbé ẹ̀wà kaná ná, sà. Sítóòfù tiwa kú láàárọ̀ yìí." Ó pe ọmọbìnrin kékeré kan. "Loveth, mú ìṣáná wá."

Loveth mú un dé, ó sì lóṣòó ti sítóòfù náà láìwọ bàtà.

"Aunty, tiyín dáa ju tiwa lọ," ló sọ fún Ọpẹ́. "Tiwa máa ń rú èéfín bíi mólúè."

Daddy mi orí sí Ọpẹ́ pé kó má sọ̀rọ̀. Ọpẹ́ ń wo ẹsẹ̀ ọmọ náà. Iná á mú irin gbóná, irin á mú táǹkì gbóná, ọṣẹ á rọ̀. Mummy ṣá ìṣáná.

"Ẹ má tàn án, ma. Ó ń jò."

"Ọpẹ́, kí lò ń sọ?" ni Daddy wí.

Ọpẹ́ fa Loveth dìde. Ó gbé sítóòfù náà sókè, ó sì fi èékánná ha ọṣẹ kúrò. Kẹrosíìnì kán sórí símẹ́ǹtì.

"Èmi ni mo fi ọṣẹ dí i. Ẹ jọ̀ọ́, ma."

Mummy fẹ́ iná ẹnu ìṣáná pa. Ó yíjú sí Daddy. "Ẹ jẹ́ ká dán gbogbo ẹ̀ wò, sà."

"Àwọn tó kù dáa, ma. Ọlọ́run ló mọ̀."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó bá da àrán borí, aṣọ olè ló dà bora."

Àwọn NẸ́PÀ ti múná lọ, wọn ò lè dán fáànù wò. Fáànù náà dáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n Mummy ò kọ ọ́ sínú rìsíìtì. Àga àti ìkòkò nìkan ló wọ rìsíìtì, ní iye àlòkù.

Daddy gbé sítóòfù àti fáànù padà. Nígbà tí wọ́n dé Kétu, ó yíjú sí Ọpẹ́.

"Wáẹ́ẹ̀kì rẹ ti di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn."

"Mo mọ̀, sà."

Ó rìn díẹ̀ sí i. "Mi ò rí ẹsẹ̀ ọmọ yẹn àfìgbà tó o fà á dìde." Ó yà sọ́dọ̀ ẹni tó ń jó irin, ó sì gbé sítóòfù náà fún un pé kó bá òun dí ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọdún kan ni òtítọ́ gbà lọ́wọ́ Ọpẹ́, ó sì dùn ún. Síbẹ̀, ẹ má ṣe fi ewu ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Owó orí tí a bá fi irọ́ dín kù, ẹlòmíràn ni yóò san án, ó sì lè jẹ́ ọmọ kékeré tí kò wọ bàtà.