Ìbéèrè Kẹwàá

"Máàkì 'rárá' sí gbogbo ẹ̀," màmá mi wí, ó sì ti bébà ìbéèrè kan sọ́dọ̀ mi lórí tábìlì. "Ojú ń dùn mí."

Mo mọ̀ pé ojú kọ́ ló ń dùn ún. Ìbéèrè mẹ́wàá ni Kirsi, nọ́ọ̀sì àwọn aboyún, fi rán wa. Ṣé ẹ máa ń sunkún? Ṣé ẹ̀rù máa ń bà yín láìnídìí? Mi ò lè ka ìkẹwàá sókè: ṣé ó ti wá sí yín lọ́kàn rí láti pa ara yín lára? Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni màmá mi ti ń gún abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ, oyún rẹ̀ sì ti pé oṣù méje. Ní Kajaani níbí, ní ilẹ̀ Finland, a kì í kó ọ̀rọ̀ ilé síta.

"Tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á ní mi ò lè tọ́mọ," ó ní. "Vilja, má tú mi láṣìírí o."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, mo mọ irọ́ yàtọ̀ sí òótọ́. Síbẹ̀ mo máàkì 'rárá' lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo ti ilé ìwé dé, mi ò gbúròó rẹ̀. Inú sáúnà, yàrá olóoru tí a ti ń làágùn, ni mo ti rí i, sáúnà tí a kò dáná sí, ó jókòó lórí pákó tòun ti kóòtù. Ibẹ̀ ló máa ń sá lọ sunkún. Òógùn bò ó nínú òtútù yẹn, ọ̀rọ̀ sì ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ṣúgà ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Mo sáré gbé omi èso wá, mo fi sí i lẹ́nu, ìdajì rẹ̀ sì dà sí i láyà.

Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, mo bi í bóyá ó jẹun lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Ó ní òun kò rántí.

"Bí mo jẹ, bí mi ò jẹ, kò já mọ́ nǹkan kan lójú mi mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo sìn ín lọ sọ́dọ̀ Kirsi. Kirsi ka bébà náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní inú òun dùn. Màmá mi wò mí. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á gba ọmọ náà, pé màmá mi kò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Àmọ́ pákó sáúnà yẹn kò kúrò lójú mi.

"Èmi ni mo máàkì ẹ̀," mo ní. "Irọ́ ni gbogbo ẹ̀."

Kirsi kò bínú. Ó fa àga sún mọ́ màmá mi, ó ní ọ̀pọ̀ aboyún tó ní àtọ̀gbẹ ni ọkàn wọn máa ń rẹ̀wẹ̀sì, ìdí rèé táwọn fi ń béèrè.

"Kò sẹ́ni tó fẹ́ gba ọmọ yín. A fẹ́ kí ọmọ náà bá ìyá ẹ̀ láyé ni."

Ó fún un ní bébà tuntun. Màmá mi fọwọ́ ara rẹ̀ máàkì ẹ̀. Nígbà tó dé ìkẹwàá, kálámù dúró. Lẹ́yìn náà ló máàkì 'lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan', ó sì bú sẹ́kún. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n mú un lọ rí dókítà tó ń tọ́jú ọkàn.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo rò pé ìfẹ́ ni mo fi bá màmá mi dákẹ́, àmọ́ kò sí ìfẹ́ nínú kéèyàn fi ohun tó lè pa ẹni tó fẹ́ràn pamọ́. Ẹ̀rù ṣì máa ń bà mí tí mo bá ṣílẹ̀kùn ilé. Màmá mi mọ̀, ìyẹn ló ṣe máa ń tètè pariwo láti ilé ìdáná pé, "Mo wà níbí, Vilja. Mo ń jẹun."